Àmì-Ẹ̀yẹ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Obìnrin

Àwọn kan ń bẹ, nínú àwọn tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá àti nínú àwọn tí ń kọ̀wé nípa rẹ̀, tí wọn kò yéé sọ pé ojú-rere ni ó mú àwọn obìnrin wọ inú ìdíje júdò àgbáyé. Wọn a ní àwọn ọkùnrin ni ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, àti pé inú rere ni wọ́n fi yọ̀ǹda igun kan níbẹ̀ fún àwọn obìnrin. Irọ́ gbáà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó wo èsì àwọn ìdíje náà láti ọdún 1959 wá, yóò rí i pé kò sí ohun kan tí wọ́n fi ta àwọn obìnrin lọ́rẹ. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gba gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1959, ní ìlú Utica ní ìpínlẹ̀ New York ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ YMCA ìpínlẹ̀ náà péjọ láti díje nínú júdò. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ kan farapa, kò sì lè jà. Ẹni tí ó bọ́ sí ipò rẹ̀ ni Rusty Glickman, ọmọbìnrin Brooklyn, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Rusty Kanokogi lẹ́yìn tí ó lọ́kọ. Ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi báńdéèjì di àyà rẹ̀ pinpin, ó gun orí ẹní, ó sì ṣẹ́gun ọkùnrin tí ó dojú kọ ọ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ. Kò pẹ́ tí alábòójútó ìdíje fi pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bi í léèrè bóyá obìnrin ni. Kò purọ́. Wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ náà padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó tan àwọn aláṣẹ jẹ nígbà tí ó gé irun rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún un. Àwọn àgbà wí pé bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò má ṣáà ti lọ. Ní Utica, ejò kú o. Àwọn aláṣẹ ní kí ejò dìde, nítorí pé ọwọ́ obìnrin ni ó pa á.

Àwọn olùgbèjà irú ìwà bẹ́ẹ̀ a máa sá sábẹ́ àṣà. Wọn a ní ilẹ̀ Jàpáànì ni ó ni júdò, bí àwọn baba júdò sì ti fi í lélẹ̀ ni kí ó rí. Ta wá ni baba júdò? Jigoro Kano ni, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní 1882. Kano yìí kan náà ni ó ṣí ẹ̀ka àwọn obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1926. Àwọn tí ó jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀ ni ó dínà. Wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ní ìjà, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n díje. Keiko Fukuda, ọmọ-ọmọ ọkùnrin tí ó kọ́ Kano fúnra rẹ̀ ní ìjàkadì, gba oyè karùn-ún ní 1953. 1972 ni wọ́n tó fún un ní oyè kẹfà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òfin ni pé obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá oyè karùn-ún, bí ó ti wù kí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Nígbà tí àjọ júdò Amẹ́ríkà fún un ní oyè kẹwàá ní 2011, ẹni ọdún 98 ni.

Èrè tí ilẹ̀ Jàpáànì rí jẹ nínú ìdínà yìí hàn gbangba ní oṣù kọkànlá ọdún 1980. Ìdíje àgbáyé ti àwọn ọkùnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo láti 1956, ṣùgbọ́n ọdún 24 kọjá kí ti àwọn obìnrin tó wáyé, ní Madison Square Garden ní ìlú New York. Ta ni ó ṣètò rẹ̀? Kanokogi kan náà ni, ẹni tí ó fi ilé tí ó ń gbé ṣe ìdógò kí owó ìdíje náà lè pé. (Kí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ ojú-rere fi ti ilé yìí sínú ìṣirò wọn.) Àmì-ẹ̀yẹ wúrà mẹ́jọ ni ó wà nílẹ̀. Ọ́stríà, orílẹ̀-èdè kékeré, kó mẹ́ta: Edith Hrovat, Gerda Winklbauer àti Edith Simon. Jane Bridge gba ti Gẹ̀ẹ́sì, Anita Staps ti Nẹ́dálándì, Jocelyne Triadou ti Faransé, Margherita de Cal ti Ítálì, Ingrid Berghmans ti Bẹ́ljíọ̀m sì borí nínú ìjà tí kò ka ìwọ̀n ara sí. Ilẹ̀ Jàpáànì, ilé júdò gan-an, kò rí wúrà kan gbà. Fàdákà ni Kaori Yamaguchi gbà. Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn obìnrin ilẹ̀ náà ni? Rárá o. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ní ìdíje orílẹ̀-èdè tiwọn. Nígbà tí ìdíje àgbáyé dé Vienna ní 1984, Yamaguchi gba wúrà.

Bí ó ti rí nìyẹn ní ti Òlíńpíìkì pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin ti ń ja júdò níbẹ̀ láti 1964. Àfihàn lásán ni wọ́n gbà fún àwọn obìnrin ní Seoul ní 1988, lẹ́yìn tí Kanokogi ti halẹ̀ pé òun yóò gbé àwọn aláṣẹ lọ sí ilé ẹjọ́. Barcelona, 1992, ni ìjà wọn tó di ìjà tí wọ́n ń kà.

Nígbà tí àwáwí àṣà kò mú ọ̀rọ̀ dúró mọ́, wọ́n gbé ti ọmọ bíbí jáde: wọ́n ní ara obìnrin kì í ṣe ara ìjà, àti pé bí ó bá ti bímọ, ó parí. Ryoko Tamura, tí ó di Tani nígbà tí ó lọ́kọ, bímọ ní ìparí ọdún 2005. Ní 2007, ní Rio de Janeiro, ó gba wúrà àgbáyé rẹ̀ keje. Clarisse Agbegnenou bímọ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní Doha, ó di aṣẹ́gun àgbáyé lẹ́ẹ̀kẹfà. Kí àwọn aláwáwí wá wí tẹnu wọn.

Agbegnenou yìí, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ilẹ̀ Tógò wá, ni ó yẹ kí èsì rẹ̀ dá ẹjọ́ Utica rú. Ní Tokyo ní 2021, wọ́n kọ́kọ́ gbé ìdíje ẹgbẹ́ wọ Òlíńpíìkì, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Faransé àti Jàpáànì ni ó pàdé ní àṣekágbá, nínú Budokan, gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún júdò àwọn ọkùnrin ti 1964. Agbegnenou ni ó kọ́kọ́ jáde fún Faransé. Chizuru Arai tí ó dojú kọ ọ́ wúwo jù ú lọ, ó sì ti gba wúrà tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Agbegnenou ṣẹ́gun rẹ̀, Faransé sì borí pẹ̀lú 4 sí 1. Ní 1959, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀; ní 2021, ẹgbẹ́ tí ó bá fi àwọn obìnrin rẹ̀ sílé kò ní ohun tí yóò fi díje.

Bí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá pe Agbegnenou ní ọmọ wọn, wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àsíá Faransé ni ó gbé ní Tokyo. Kí àwọn tí ń yan eléré ní Lomé, Kòtónù, Akra àti Àbújá bi ara wọn léèrè: bí ọmọbìnrin tí ó lágbára bẹ́ẹ̀ bá wọ gbọ̀ngàn wọn lónìí, ṣé ẹní ni wọn yóò tẹ́ fún un, tàbí ìbéèrè Utica ni wọn yóò bi í?

Àwọn kan yóò ní kí ọ̀rọ̀ Utica lọ, nítorí wọ́n ti tún un ṣe. Lóòótọ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, YMCA ìpínlẹ̀ New York fún Kanokogi ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún gééré. Ẹni ọdún 74 ni nígbà náà. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.