Ipò Iṣẹ́ àti Àlàáfíà Ara: Ṣé Kádàrá Nìkan Ni?

 

Bí òṣìṣẹ́ kékeré bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará wa ni pé kádàrá rẹ̀ ni. Àwa kò jiyàn kádàrá. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni ọjọ́ ikú wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà nínú iye ọdún tí ènìyàn yóò fi máa kírun ní ìdúró kí ọjọ́ náà tó dé.

Ní ọdún 1967, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan lórí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 18. Gbogbo wọn ni ó ń gba owó oṣù, ilé ìwòsàn ìjọba sì wà fún wọn. Síbẹ̀, bí ipò ṣe ń relẹ̀ ni ikú ń pọ̀ sí i. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń ti ipa àrùn ọkàn kú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ọ̀gá àgbà. Àwọn tí ó wà ní ipò kejì pàápàá kò tó àwọn ti òkè ní àlàáfíà! Lóòótọ́, àwọn ẹni ìsàlẹ̀ ń mu sìgá jù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ti sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò, ìyàtọ̀ púpọ̀ ṣì kù. Ìwádìí kejì, tí Michael Marmot darí láti 1985, fi hàn pé ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lórí iṣẹ́ ara rẹ̀ ni àrùn ọkàn ń mú jù.

Àtẹ̀gùn ipò yìí náà ni àwọn Òyìnbó gbé lé wa lọ́wọ́, láti orí mẹ́sẹ́ńjà dé orí akọ̀wé àgbà. Bí àwọn tí ń gba owó oṣù déédéé bá rí báyìí, kí ni ká sọ nípa mẹ́gàádì tí kì í sùn lóru, tàbí ààfáà ilé-kéwú tí a jẹ ní owó oṣù mẹ́rin, tí kò sì gbọ́dọ̀ béèrè?

Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ wa pé kí a má ṣe di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹni tí ń ṣiṣẹ́ fún wa, kí a sì tètè san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ilé-kéwú, kí ẹ tó ra géètì tuntun, ẹ san gbèsè àwọn ààfáà. Ẹ pè wọ́n sí ìpàdé tí ẹ ti ń pín iṣẹ́ fún wọn, kí ẹnu wọn náà lè tó ọ̀rọ̀ ibẹ̀.