Ẹ Má Ta Ẹ̀gbà Ọrùn Ìyá Àgbà

Ǹjẹ́ o ti rí ìlẹ̀kẹ̀ pupa fòò tí a ń pè ní lántànná rí? Bóyá ó wà nínú àpótí ìyá rẹ àgbà, tí wọ́n fi aṣọ wé. Àwọn ọmọ mìíràn rò pé kò dára tó ìlẹ̀kẹ̀ rọ́bà tí ń dán gbinrin lọ́jà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Òkúta ni lántànná. Àwọn ará Ìlọrin ni ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Láti Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn baba wọn ti gbé iṣẹ́ náà wá. Wọn á fọ́ òkúta náà sí wẹ́wẹ́, wọn á sì gbẹ́ ẹ. Wọn á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sí i láti ìhà méjèèjì, títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé láàárín. Lẹ́yìn náà, wọn á lọ̀ ọ́ títí yóò fi máa dán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Bí o bá mú un lọ́wọ́, yóò tutù, yóò sì wúwo. Wò ó dáadáa: ẹyọ kan kò bá èkejì dọ́gba. Ti rọ́bà fúyẹ́, gbogbo rẹ̀ sì rí bákan náà.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú dé láti òkè òkun, ọjà àwọn oníṣẹ́ náà kú. Ọ̀pọ̀ wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, èyí tí a bá tà lónìí, ó ṣòro kí a tó rí irú rẹ̀ rà mọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Owó ilé-ìwé ń kọ́?” Òótọ́ ni pé ìnáwó pọ̀. Ṣùgbọ́n owó a máa tán. Ẹ̀gbà ọrùn kan ṣoṣo lè ṣe ìyá lọ́ṣọ̀ọ́ níbi ìgbéyàwó, kí ó ṣe ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó sì tún ṣe ọmọ-ọmọ lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Oníṣòwò tí ń kiri ilé ra ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ mọ iyì rẹ̀. Ṣé ìwọ náà mọ̀ ọ́n?

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ àgbà. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ wọn hàn ọ́. Béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé rẹ.