Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ọmọdé tó bá ti dé etí odò rí mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ohun tó mú òwe náà wá sí mi lẹ́nu ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ nílé mi ní Sátidé tó kọjá. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ṣì ń ta mí lára.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin jókòó sórí ẹní ní pálọ̀, ìwé ètò ìtọ́jú mi wà láàárín wa. Ọdún kọkànlá rèé tí ìsoríkọ́ ti ń bá mi gbé. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá wọlé, wọ́n bèèrè ohun tí à ń ṣe, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n ní: “Ṣebí ara rẹ ti yá? Ẹni tí àìsàn bá fi sílẹ̀ kì í tún pè é padà. Gbé ìwé yẹn sọnù, má fọwọ́ ara rẹ kọ àrùn de ara rẹ.”

Mi ò bá wọn jiyàn, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá ṣìsọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ apá, tí wọ́n sì ń kọ iye tó bá gbé wá sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn rí pé wọ́n ń pe àìsàn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé bọ́rọ̀ bá ti di ti ọkàn, ìṣọ́ra á wá di èpè? Ẹlòmíì á ní àdúrà ni kí n gbájú mọ́. Mo ń gbàdúrà. Bàbá náà ń gbàdúrà, wọn ò sì torí ẹ̀ ju ẹ̀rọ wọn nù.

Èmi kọ́ ni mo dá irú ètò yìí sílẹ̀. Lọ́dún 1997, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, Mary Ellen Copeland, tí àárẹ̀ ọkàn ti bá fínra, àti àwọn mìíràn tí irú ẹ̀ ń ṣe, ni wọ́n jọ tò ó: ohun tó ń mú ara ẹni le lójoojúmọ́, ohun tó lè ti èèyàn ṣubú, àmì pé ó ti ń bọ̀, ohun tí àwọn èèyàn ẹni yóò ṣe bápá ẹni ò bá ká a mọ́, àti bí èèyàn yóò ṣe máa padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ara kì í dúró lójú kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un wò. Ìwé mi ní kí n máa rìn ní ìdájí. Òjò ti dé, ọ̀nà wa ti di ẹrẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá ni mi ò jáde. A pa ìdájí rẹ́, a kọ ìrọ̀lẹ́.

Ibi oògùn la pẹ́ sí jù. Mo ní mo fẹ́ dá a dúró, ara mi ti yá. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣí ibi tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn pé mo já a sílẹ̀ lójijì, òòyì ń kọ́ mi, oorun ò sì kun ojú mi mọ́. Dókítà ló ń dín in kù, díẹ̀díẹ̀ sì ni.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alákàn ti kù díẹ̀ káàtó fún mi. Ojú alákàn kì í tàn án jẹ. Àìsàn tèmi, ojú tí ǹ bá fi ṣọ́rí gan-an ló kọ́kọ́ ń bò. Bó bá ń bọ̀, kì í jọ àìsàn lójú mi, òtítọ́ ló ń jọ: ó ní mi ò wúlò, mo sì gbà. Bó ti wù kí ọbẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Àwọn àmì tí mo kọ ti kún ojú ìwé kan: títají láago mẹ́ta òru, irun tí mi ò dì, ẹ̀wà tí mo rẹ sómi tí mo gbàgbé títí tó fi yọ ìfófòó tó sì ń rùn. Mo rò pé ó ti pé. Àbúrò mi wò ó, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kọ èyí tó ń ṣáájú gbogbo wọn.” Mo ní, èwo? “Tí ẹ bá ti ń sọ pé ‘kò burú’ sí gbogbo nǹkan. Mo ní owó ti tán, ẹ ní kò burú. Mo ní ọmọ mi gba ipò kìíní, ẹ ní kò burú. Ohùn kan náà ni. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dùbúlẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ọ.”

Ọdún mọ́kànlá, mi ò gbọ́ ara mi rí.

Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ti mọ̀ tipẹ́ pé aláìsàn nílò ojú ẹlòmíì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú inú abúlé ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ilé àwọn ará abúlé ni aláìsàn ń gbé, ìbátan rẹ̀ kan sì gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa dáná fún un, kó máa bá a lọ gba ìtọ́jú. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ bàbá nìyí: mo nílò ojú tiwọn náà, òpópónà kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ilé wa.

Àbúrò mi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ “kò burú” sókè gbogbo àmì yòókù. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan, màá wá, mi ò ní dúró kí wọ́n pè mí. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò lára tèmi, mo fún un.