Àáró Yàtọ̀ sí Ọ̀wẹ̀

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àáró àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò fún àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ ní oúnjẹ àti ohun mímu, yóò dúpẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹgbẹ́ bá bá ṣe àáró ti jẹ gbèsè: bó bá di ọjọ́ mìíràn, oko ẹlòmíràn ló kàn, òun náà gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tó gba àáró, tó wá ń ṣe bí ẹni pé ọ̀wẹ̀ ni, gbogbo abúlé ló mọ orúkọ tí wọn yóò pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ronú sí àwọn tí ń ṣe áàpù fóònù fún àwọn tí kò ríran. Iṣẹ́ rere ni. Áàpù bẹ́ẹ̀ a máa ka ohun tó wà lójú fóònù sókè, tí afọ́jú yóò fi lè ka lẹ́tà tí a kọ sí i, kí ó fowó ránṣẹ́, kí ó sì mọ ẹni tó ń pè é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan tó dá gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn tí ń sọ̀rọ̀ nínú áàpù náà sábà máa ń wá láti inú àká àjọlò, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn amòye kọ̀ǹpútà ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé síta kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Irú rẹ̀ ni eSpeak NG, tó lè sọ èdè àti ẹ̀ka èdè tó lé ní 100, tí kò sì gba àyè púpọ̀ nínú fóònù. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ gbà pé ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tó ni ín.

Ó ní ẹni tó ni ín, ó sì ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ tó wà lórí eSpeak NG ni GPL, ẹ̀dà kẹta, tó jáde ní 2007. Ohun tó wí kò ṣòro: lò ó bí o ti fẹ́, tún un ṣe, tà á pàápàá, ṣùgbọ́n bí o bá fi kọ́ áàpù tìrẹ, tí o sì gbé e fún ẹlòmíràn, kí o fún onítọ̀hún ní kóòdù gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ kan náà tí wọ́n fún ọ. Àáró pọ́ńbélé nìyẹn. Àwọn ìwé àṣẹ mìíràn jẹ́ ọ̀wẹ̀. Apache 2.0, tí Google fi gbé kóòdù TalkBack síta, kò bèèrè ju pé kí a má ṣe yọ ìwé àṣẹ náà àti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ kúrò, kí a sì sọ ibi tí a bá yí padà. LGPL wà ní agbedeméjì: o lè ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ tìrẹ, bí ẹni tó ń lò ó bá ṣáà lè yọ àká náà kúrò, kí ó fi èyí tí òun tún ṣe rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ti lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú fóònù tí kò ṣe é yọ mọ́, tí wọ́n ṣì ń sọ pé àwọn pa LGPL mọ́, ara wọn ni wọ́n ń tàn.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi. Wọn á ní afọ́jú ń jìyà, ẹ̀yin ń ka ìwé òfin. Èsì yìí ń bí mi nínú ju ìrúfin náà lọ, nítorí afọ́jú ni wọ́n fi ń ṣe apata. Ta ni ìwé àṣẹ náà ń dáàbò bò? Ẹ wo èdè tiwa. Afọ́jú kan gbé fóònù sétí, ohùn inú rẹ̀ pe ọkọ́ ní ọkọ̀, ó pe igbá ní igba. Ẹni tó ríran yóò wo àmì ohùn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì kọjá lọ. Ẹni tí kò ríran kò ní ohun mìíràn tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kóòdù bá wà ní gbangba, onímọ̀ èdè kan ní Ìbàdàn tàbí ní Àjàṣẹ́ lè jókòó tì í, kí ó tún un ṣe. Bí a bá tì í pa, afọ́jú yóò máa gbọ́ àṣìṣe kan náà títí di ọjọ́ tí olówó áàpù bá rántí rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ náà bá sì kógbá wọlé ńkọ́?

N kò sọ pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Nígbà mìíràn, ọjà tí a ti ń gba áàpù fúnra rẹ̀ ni ìdènà. Ní oṣù kìn-ín-ní 2011, Apple yọ VLC, tí a fi ń wo fíìmù, kúrò nínú ọjà rẹ̀, lẹ́yìn tí Rémi Denis-Courmont, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ọ́, fẹ̀sùn kàn pé àdéhùn ọjà náà lòdì sí òmìnira tí GPL fún aráyé. Ọ̀pọ̀ bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe: wọ́n wá àwọn tó ti fọwọ́ kan iṣẹ́ náà kiri, wọ́n gba ìyọ̀ǹda wọn, wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ sábẹ́ LGPL. Ní 2013, VLC padà sọ́jà. Ó lé ní ọdún méjì kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ni iṣẹ́ nìkan ló lè sọ àáró di ọ̀wẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta áàpù láìfi kóòdù hàn, kí ó wá ohùn tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó gba àgbàṣe, kí ó sì sanwó. Ẹni tó bá ti mú eSpeak NG, kí ó gbé kóòdù rẹ̀ síta. Kí ó sì kọ ìwé àṣẹ náà àti orúkọ àwọn tó ṣe é sínú áàpù, kì í ṣe bí àwòrán tí ẹni tó ríran nìkan lè kà, bí kò ṣe bí ọ̀rọ̀ tí ohùn náà fúnra rẹ̀ yóò lè kà sókè fún ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí i.