Ṣé Ó Yẹ Ká Máa Ṣọ́ Nọ́ọ̀sì Bóyá Ó Fọ Ọwọ́?

Tí mátírọ̀n bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìjẹun, ta ni kì í fọ ọwọ́? Bó bá ti yíjú báyìí, ó tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọsibítù. Àwọn olùwádìí ti rí i tipẹ́ pé dókítà àti nọ́ọ̀sì máa ń fọ ọwọ́ dáadáa bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹnì kan ń wò wọ́n. Làwọn kan bá ní ká kúkú fi amí sí wọ́ọ̀dù, kó máa kọ orúkọ ẹni tí kò fọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kéré o. Ní 2014 tí Ebola wọ Èkó, ènìyàn 20 ló mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò ní ọsibítù, wà nínú wọn. Nígbà yẹn, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti ọṣẹ kún ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Wọ́n dà lónìí? Ìbẹ̀rù ló gbé wọn wá. Nígbà tí ìbẹ̀rù lọ, wọ́n bá a lọ.

Èébú ńkọ́? Ní Vienna ní 1847, Ignaz Semmelweis ní kí àwọn dókítà máa fi omi oníkúlóríìnì fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí. Ní April, nínú 100 ìyá tó wá bímọ, ó lé ní 18 tó kú; ní June, nǹkan bíi 2 péré. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dókítà ò gbà. Nígbà tó yá, ó ń kọ lẹ́tà pè wọ́n ní apànìyàn. Ìyẹn náà ò mú wọn gbọ́.

Àwọn míì ní kí aláìsàn fúnra rẹ̀ máa béèrè. Nínú àwa Yorùbá? Kí ọmọ ọdún 14 wo ojú dókítà tó tó bàbá rẹ̀, kó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti fọ ọwọ́?" Ìyá rẹ̀ á ti gbá a lẹ́nu kó tó sọ ọ́ tán.

Lójú tèmi, kí wọ́n ṣọ́ wọn, àmọ́ kí wọ́n sọ fún wọn. Kí ẹni tó ń ṣọ́ wọn mú ìwé rẹ̀ dání ní gbangba, kó ka ti wọ́ọ̀dù lápapọ̀, kó má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ó ní ẹ̀mí aláìsàn ju ìtìjú nọ́ọ̀sì lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù amí, bí a ṣe ń dá amí mọ̀ ló máa kọ́.

Omi ńkọ́? Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Ní Abuja níbí, gbogbo wa la mọ mai ruwa tó ń ti omi kiri. Tí ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù bá gbẹ, orúkọ nọ́ọ̀sì kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ sílẹ̀. Ti ọ̀gá tí kò pèsè omi ni.