Mọ́tò Tí Ẹ Ń Yá Lọ sí Disneyland, Ta Lẹ Fẹ́ Fi Hàn?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí látọjọ́ pípẹ́, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi.

Vacances ń bọ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Paris àti agbègbè rẹ̀ fẹ́ kó ọmọ lọ sí Disneyland. Ó dára, ọmọ ló ni ìsinmi. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ fi mọ́tò àfowóyá ṣe?

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Marne-la-Vallée ni ọgbà náà wà, nǹkan bí kìlómítà 32 sí Paris, ní ìhà ìlà oòrùn. Láti ọdún 1992 tí wọ́n ti ṣí i ni ọkọ̀ ojú irin RER A ti ń dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé ó máa já yín sí ibì kan tí ẹ ó ti tún máa wá zemidjan o. Ibùdókọ̀ Chessy tó parí sí, ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an ni. Láti Châtelet láàárín ìlú, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì RER di iye kan náà káàkiri agbègbè Paris, àfi ti pápákọ̀ òfurufú: 2.50 euro ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 1,640 sẹ́fà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin kì í san nǹkan kan. Kódà ẹni tó bá balẹ̀ sí Roissy láti Cotonou tàbí Lomé, TGV wà nínú pápákọ̀ náà tó ń gbé èèyàn dé Chessy ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ wá gbọ́ tilé wa. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Saint-Denis. Wọn kò ní mọ́tò, iṣẹ́ wọn kò sì béèrè fún un. Ní vacances 2025, wọ́n fẹ́ kó ọmọ mẹ́ta lọ fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n máa wá sùn nílé. Ọkọ ní àfi káwọn yá mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́ta, 210 euro. Wọ́n tún yá ìjókòó ọmọdé, torí òfin Faransé kò gbà kí ọmọ tí kò tó ọdún mẹ́wàá wọ mọ́tò láìsí èyí tó bá a mu (kì í ṣe bíi tiwa tí à ń to ọmọ mẹ́ta sórí zemidjan, kí Ọlọ́run dárí jì wá). Owó ibi tí wọ́n gbé mọ́tò sí ní ọgbà, 30 euro lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì. Epo. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìtanràn dé: radar ti ya mọ́tò náà lórí périphérique, ibi tí wọ́n ti dín eré kù sí 50 láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Gbogbo rẹ̀ lé ní 400 euro. Ìyẹn ju 260,000 sẹ́fà lọ, owó oṣù márùn-ún ẹni tó ń gba SMIG nílẹ̀ Benin níbí. Ká ní RER ni wọ́n wọ̀, àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ méjèèjì kò ní ju 40 euro lọ, torí àbíkẹ́yìn wọn kò tíì pé ọdún mẹ́rin.

Lóṣù yẹn kan náà, à ń ṣa owó jọ fún iṣẹ́ abẹ ojú ìyá wa. Àbúrò mi ní ká ṣe sùúrù fún òun. Oṣù méjì ni Màmá fi ń tọ́ ògiri kiri kó tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Mo bínú, mo pe ọkọ rẹ̀. Ó dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé fọ́tò inú ọkọ̀ ojú irin ni kí n fi ránṣẹ́ sílé?”

Mi ò rí èsì fún un. Ọjọ́ tí wọ́n sọ lórí WhatsApp pé àwọn ń lọ, èmi tí mo ń kọ̀wé yìí ni mo kọ́kọ́ béèrè pé, “Mọ́tò wo lẹ ó gbé?” Àwa tí a wà nílé là ń yá mọ́tò yẹn! Èmi fúnra mi, alùpùpù ni mò ń gùn lọ sílé ẹ̀kọ́, síbẹ̀ mò ń fi ẹni tó wọ RER ní Paris ṣẹ̀sín, níbi tí ọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀ fún un ti jọ ń dì mọ́ irin kan náà láràárọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní ìyá àgbà kò lè gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀. Òótọ́ ni. Ẹ ó ní ẹ̀ ń bọ̀ láti Bordeaux, ẹ jẹ́ mẹ́fà, tíkẹ́ẹ̀tì TGV wọ́n. Ẹ ṣírò ó, mọ́tò lè dín owó kù lóòótọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ sùn ní Davy Crockett Ranch, ilé onígi tí Disney kọ́ sínú igbó, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wọn kì í dé ibẹ̀, mọ́tò di dandan. Èmi ò bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ jà. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò. Ẹni tó ń yá mọ́tò kí wọ́n lè rí i ni mò ń bá wí, ẹni tó dúró lórí ìlà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó tún wá ń fi ojú tó ti rẹ̀ wa mọ́tò lálẹ́, nígbà tí ì bá ti máa sùn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú RER.

Wọ́n tún ń lọ ní oṣù keje yìí. Mo ti kọ̀wé sí àna mi pé fọ́tò inú RER ni mo fẹ́ rí. Bó bá ti gbé e síbí, èmi ni màá kọ́kọ́ tẹ j'aime.