WỌN Ò FOJÚ KANRA, IṢẸ́ Ń LỌ

Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ki fóònù Android bọ etí ìró lọ́jà, ẹ̀yin kàfíńtà àti rewáyà tẹ́ ẹ fi tiyín sápò ṣòkòtò, ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tí kò jọ gbé ìlú kan náà ló jọ ṣe ohun tó ń darí fóònù yẹn láti inú wá? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò bọ ara wọn lọ́wọ́ rí. Ẹnìkan wà ní Jámánì, ẹnìkan wà ní Japan, òmíràn wà l'Ámẹ́ríkà. Ìgbà tí ẹni yìí ń lọ sùn ni ẹni yẹn ń bọ́jú. Síbẹ̀, iṣẹ́ ò dúró.

Linux lorúkọ iṣẹ́ ọ̀hún. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Helsinki lórílẹ̀-èdè Finland, ló dá a sílẹ̀ ní 1991. Ọmọ ọdún 21 péré ni nígbà náà. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn ló kọ̀wé sáwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ń ṣe nǹkan kan lọ́wọ́, pé eré ọwọ́-dilẹ̀ lásán ni, kò lè di ńlá. Ẹ gbọ́ o! Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2017, tí wọ́n ka 500 kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ láyé, gbogbo wọn pátá, Linux ló wà nínú wọn.

Báwo wá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe ń rán aṣọ kan láì jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan? Ẹ̀yin télọ̀ lọ̀rọ̀ yìí máa kọ́kọ́ yé, torí ẹ mọ iye ìgbà tí télọ̀ méjì ti jà lórí apá agbádá kan ṣoṣo. Níbi iṣẹ́ Linux, kò sẹ́ni tó ń gbé odindi aṣọ wá. Àbùlẹ̀ ni kálukú ń mú wá, àbùlẹ̀ kan fún iṣẹ́ kan. Ẹni tó bá ní ọrùn lòun fẹ́ tún ṣe, tó wá dọ́gbọ́n pààrọ̀ bọ́tìnì mọ́ ọn, wọ́n á dá gbogbo rẹ̀ padà fún un ni. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà mọ́ àbùlẹ̀ náà: kí ló bàjẹ́, kí ló dé tóun fi tún un ṣe báyìí. Kò sí pé "máa bọ̀, jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ." Ẹni tó máa ka lẹ́tà lè ti sùn, ó di ọ̀la kó tó rí i. Bí kò bá yé e, tó bá béèrè, ìdáhùn tún di ọ̀túnla. Lẹ́tà tí kò kún, ọjọ́ méjì ló jẹ yẹn.

Gbangba sì ni lẹ́tà wọ̀nyí wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lónìí lè ka àríyànjiyàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kó rí ìdí tí wọ́n fi ṣe nǹkan báyìí. Láti 2004, ẹni tó bá mú àbùlẹ̀ wá gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sí i. Alábòójútó tó gbà á náà á fi tirẹ̀ sí i kó tó dọ́dọ̀ Torvalds. Tó bá bàjẹ́ lọ́la, wọ́n mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn.

Wọ́n tún ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń gba nǹkan tuntun wọlé, lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀kùn tì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje tó tẹ̀ lé e, kìkì àtúnṣe ni. Ẹni tó pẹ́ dé, kó dúró de ọjà tó ń bọ̀ jàre.

Wàhálà dé ní 2005. BitKeeper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kó àbùlẹ̀ jọ, ilé-iṣẹ́ kan ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Ìjà ṣẹlẹ̀, oníǹkan gba ọ̀fẹ́ rẹ̀. Torvalds bá jókòó ti iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ló bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ keje, irinṣẹ́ náà ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Git ló pè é. Pẹ̀lú Git, kálukú ló ní odindi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀gá nìkan. Òun náà làwọn ọmọ wa tó jókòó sí Yábàá l'Ékòó, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fáwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun, ń lò dòní.

Èébú ni "git" lẹ́nu àwọn ará Ìlú Ọba o, ẹni tí ìwà rẹ̀ ò dáa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Torvalds fi ṣẹ̀fẹ̀ pé orúkọ ara òun lòun ń sọ gbogbo iṣẹ́ òun. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọkùnrin náà korò lóòótọ́. Bí iṣẹ́ ẹnìkan ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, gbangba ló ti ń bú u. Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọ̀gá bá bú ọmọọṣẹ́ láàárọ̀, ó lè pè é wá jẹun lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ tán. Lẹ́tà ò lójú, kò lè rẹ́rìn-ín músẹ́, bó ṣe gbóná lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́ náà ló ṣe wà. Ní 2015, ẹnìkan tó ti di àgbà nídìí iṣẹ́ náà sọ fáráyé pé òun ti fi í sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ líle.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún làwọn àgbà wọn máa ń fojú kanra. Vancouver ní Kánádà ló yẹ kí ti 2018 ti wáyé, àṣé Torvalds ti ṣi ọjọ́ kà, ó ti ṣètò ìsinmi pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ sí Scotland. Ó ní kí wọ́n máa ṣe é láìsí òun. Àwọn yòókù kọ̀, wọ́n gbé gbogbo ìpàdé lọ bá a ní Edinburgh! Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kó ronú. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án, ó kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ó jẹ́wọ́ pé ṣe lòun ń retí pé òun á yọ nínú ìpàdé ọ̀hún, pé ó ti pẹ́ tóun ti ń kọ etí ikún sí ohun tó ń dun àwọn ènìyàn. Ó tọrọ àforíjì, ó ní òun ń lọ wá ẹni tó máa ran òun lọ́wọ́. Ó kó iṣẹ́ lé Greg Kroah-Hartman lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí ọjọ́ ọjà kankan tó yẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá, Greg gbé Linux 4.19 jáde, ó sì dá iṣẹ́ padà sọ́wọ́ Torvalds.